Àwọn Tó Kọ́kọ́ Jáde

Ìbíyẹmí yọ okùn pupa kúrò lọ́wọ́ ọmọ tó kọ́kọ́ jáde, ó sì fi í sí ọwọ́ ọmọ karùn-ún.

Kò gbà á ní àsìkò. Kí wọ́n tó so okùn náà ni ó ti fi òrí pa ọmọ àkọ́kọ́ lára dé ìka, nítorí náà okùn yọ̀ wálẹ̀ láìjá. Ọkùnrin ni ọmọ àkọ́kọ́, orí rẹ̀ kò sì tóbi ju ọsàn lọ. Ọmọ karùn-ún nìkan ló jẹ́ obìnrin nínú wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìbíyẹmí fi aṣọ bo ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ó padà síbi ẹsẹ̀ ìyá wọn, nítorí ẹ̀kẹfà ti ń bọ̀.

Àlàbá ni orúkọ ìyá ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ẹ̀yìn lé àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Táyé, tó dì í mú lábẹ́ apá. Inú oyún kan náà ni wọ́n ti wá. Ojú Táyé wà lára aṣọ tí Ìbíyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bo àwọn ọmọ.

"Mo rí yín," Táyé sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mo mọ̀ pé o rí mi."

"Ìránṣẹ́ ni ẹ tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Òun ni wọ́n rán síwájú. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Ìránṣẹ́ ni ìwọ náà," ni Ìbíyẹmí fèsì. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́tàlélógún."

"Ṣé o ti lóyún rí?"

Táyé mi orí pé rárá.

"Bọ́ síta kí o pe Táyé. Ẹni mélòó ni yóò dá ọ lóhùn?"

"Ìdajì àdúgbò."

"Pe Kẹ́hìndé."

"Ìdajì tó kù."

"Wá pe Àlàbá."

Táyé wo àbúrò rẹ̀ tó ń làágùn lórí àyà rẹ̀. "Òun nìkan ni," ni ó sọ.

Ní Ìsàlẹ̀-Omi, ipò tí ènìyàn gbà jáde nínú ìyá rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ márùn-ún, mẹ́fà, nígbà mìíràn méje, ni obìnrin Ọlọ́pọ̀ máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, nítorí ènìyàn wọn kì í sábà rí ogójì ọdún. Òfin ní kí wọ́n fi méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì pa àwọn tó kù. Ọdún mẹ́tàlélógún ni òfin náà ti wà. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí Àlàbá, inú ìkòkò tí wọ́n fi ń yan ẹja ni ìyá rẹ̀ sì fi í pamọ́ sí. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, aboyún kan ṣoṣo ni Ìbíyẹmí ti rí ní gbogbo Ìsàlẹ̀-Omi, òun náà ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wà nínú ẹrẹ̀ lódìkejì odò, tí wọ́n fi pamọ́ bákan náà. Kò sí obìnrin mìíràn tó lè bímọ. Bí ọmọ karùn-ún bá kú lónìí, Ọlọ́pọ̀ yóò tán lójú ẹ̀mí àwọn tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ wọlé. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu omi òjò kúrò lójú agbọ́kàn, ẹ̀rọ irin tó ń ka iye ọkàn tó bá ń lù nínú ilé, tí wọ́n gbé kọ́ sókè ilẹ̀kùn bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Adégòkè ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, èyí tó jẹ́ pé ọ̀dọ́ ni wọ́n ṣì ń pè é ní Òkè, ìlú àwọn Ọlọ́kan. Ìbíyẹmí ni ó bí i. Kò bí ẹlòmíràn, nítorí obìnrin Ọlọ́kan kì í bí jù ẹyọ kan lọ láàárín igba ọdún tó ń lò láyé.

"Màmá, ṣé kò tíì tán ni?"

"Ọ̀kan ló kù."

"Ọ̀kan ló kù, ọ̀kan ló kù. Ṣé ikùn nìyí ni àbí àpò àgbàdo?"

"Ìwọ nìkan ni o wá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni o fi dá mi lóró," ni Ìbíyẹmí wí. "Má fi ẹni tó ń rọbí ṣe yẹ̀yẹ́."

Adégòkè rẹ́rìn-ín. "Mo wà níbẹ̀, n kò kàn rántí ni." Ó wo ojú ọ̀run láti ẹnu ọ̀nà. "Oòrùn kò ní pẹ́ kan àtàrí. Àgbà mẹ́rin, ọmọ méjì. Iye tí mo rán sí Òkè nìyẹn. Ìlù mẹ́fà ni kí agbọ́kàn lù ní ọ̀sán. Bí ó bá lu méje, wọn kò ní béèrè ohunkóhun kí wọ́n tó wá jó ilé yìí pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un kí ó ṣe kíá."

Àlàbá gbé ojú sókè. "Ìwọ ni kí o wá bí i, ẹyin kan ṣoṣo!"

Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe máa ń bú àwọn ará Òkè nìyẹn. Ẹyin kan ṣoṣo: bí ó bá fọ́, ilé parí. Adégòkè kò bínú. Ó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà.

Ẹ̀kẹfà jáde. Ọkùnrin ni. Ìbíyẹmí gé ìwọ́ rẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀, ó gbé e sí ìparí ìlà níbi tí àwọn tó kù wà. Ó wẹ ọwọ́. Kò sí iṣẹ́ agbẹ̀bí mọ́.

Adégòkè yọ ọ̀pá ìdákẹ́ kúrò ní ìgbànú. Ọ̀pá dúdú ni, kò gùn ju apá lọ. Ibi yòówù tí ẹnu rẹ̀ bá kàn lára ènìyàn, ọkàn onítọ̀hún yóò dúró. Ẹni tó bá ní okùn pupa lọ́wọ́ nìkan ni kì í ràn. Táyé di àbúrò rẹ̀ mú ṣinṣin. Àlàbá kò pariwo mọ́. Ó ń wò.

Adégòkè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ó ṣí aṣọ, ó fi ẹnu ọ̀pá kan àyà ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà nà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó kọjá sí ẹ̀kẹrin. Ẹ̀kẹrin ń sunkún. Igbe náà gé láàárín. Àlàbá já ara rẹ̀ gbà, ó ṣubú síwájú, ó di ọrùn ẹsẹ̀ Adégòkè mú, ó sì fi eyín bù ú jẹ. Adégòkè fi ẹsẹ̀ kejì gbá a lójú. Imú rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ dà sórí ẹní.

"Má lù ú," ni Ìbíyẹmí wí.

"Ó bù mí jẹ, Màmá."

Ó fi ọ̀pá kan ẹ̀karùn-ún. Ọmọ náà yán. Ó tún fi kàn án, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà. Ọmọ náà gbá ọ̀pá lọ́wọ́. Adégòkè ká aṣọ kúrò, ó sì rí okùn. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣí aṣọ ọmọ àkọ́kọ́, ó rí ọwọ́ tó ṣófo, òrí ṣì ń dán lára rẹ̀.

"Ọkùnrin ni mo so okùn yìí mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọwọ́ mi ni mo fi so ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Adégòkè. Èmi ni mo yí i padà."

Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan lè wà níbẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ mọ ohun tí òfin sọ. Ilé tí wọ́n bá ti yí okùn padà, gbogbo ohun tó bá jáde nínú oyún náà ni n óò pa, pẹ̀lú ìyá wọn. N kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dá okùn padà síbi tó wà. N kò rí nǹkan kan, ẹ̀yin náà kò ṣe nǹkan kan. A ó jọ gòkè lọ jẹun."

"Mo kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Òkè nígbà mẹ́ta nípa òfin yẹn."

"Mo mọ̀. Gbogbo Òkè ló mọ̀. Wọ́n fi ìwé yín rẹ́rìn-ín."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àánú ni àwọn ṣe fún wọn. Àkọ́bí wọn ni àwọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ta ni í pa àkọ́bí kí ó wá dá àbúrò sí?"

"Kò sí àkọ́bí níhìn-ín," ni Ìbíyẹmí wí. "Àwa tí à ń bí ẹyọ kan ni a mọ àkọ́bí. Níhìn-ín, àwọn tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń rán méjì síwájú láti lọ tọ́ ayé wò. Àwọn méjì náà ni ó máa ń kéré jù. Wọ́n á ṣiṣẹ́ fún àwọn tó rán wọn títí wọn ó fi kú. Wọn kì í lóyún, wọn kì í fún ni lóyún. Ọgọ́rin ọdún ni mo ti ń gbẹ̀bí níhìn-ín, n kò rí i kí ó yẹ̀. Àwọn tó ń bímọ ni ẹ ti ń pa láti ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ sì ń pè é ní àánú."

Adégòkè fún ojú pọ̀. Ìbíyẹmí mọ ojú tó ṣe yẹn. Ó máa ń ṣe é ní kékeré bí ìṣirò bá le.

"Ó lè jẹ́ òótọ́," ni ó sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin, Màmá, kì í sì ṣe èmi ni n óò tún un ṣe ní ọ̀sán òní. Oòrùn ń lọ. Ẹ dá a padà."

Ìbíyẹmí wo ọmọ àkọ́kọ́. Ó ti ṣí ojú. Bí òun bá dá okùn padà, ọmọ yìí yóò yè, yóò dàgbà, yóò máa kó ẹrẹ̀ odò títí di ogójì ọdún, kò sì ní bí ẹnikẹ́ni. Adégòkè yóò gòkè. Òun alára yóò se ọbẹ̀, ọmọ òun yóò sì jẹ ẹ́, yóò máa ráhùn pé iyọ̀ pọ̀. Ohun tí òun ní láyé nìyẹn. Bí òun kò bá dá a padà, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó dájú.

Ó na ọwọ́, ó di okùn ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú. Kò fà á.

"Rárá," ni ó wí.

Adégòkè mí kanlẹ̀. Ó yọ ọ̀bẹ, ó sì kúnlẹ̀ láti gé okùn náà.

Táyé fi Àlàbá sílẹ̀. Ó gbé ìkòkò omi gbígbóná tó wà lórí àdògán, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé Adégòkè lójú. Adégòkè ké. Ọ̀pá jábọ́. Awọ iwájú orí rẹ̀ ṣí, ojú rẹ̀ méjèèjì dí. Táyé gbé ìkòkò náà sókè láti fi fọ́ ọ lórí, ṣùgbọ́n Adégòkè ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì na ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ náà wọlé lábẹ́ ọmú Táyé. Adégòkè fà á yọ, ó tún gún un, ó tún gún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Táyé ni okùn pupa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá kò sì lè pa á. Ọ̀bẹ kò mọ okùn. Táyé jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ di ihò náà, ó wo àbúrò rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dáwọ́ mímí dúró.

Àlàbá ń wọ́ lọ síbi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adégòkè ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀ kiri. Ọwọ́ rẹ̀ kan òkú ọmọ kẹrin, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kan ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ó sì dì í mú.

Ìbíyẹmí mú ọ̀pá ìdákẹ́ nílẹ̀.

"Adégòkè, fi í sílẹ̀."

"Màmá, ojú mi. N kò ríran."

"Fi ọmọ náà sílẹ̀, kí n wẹ ojú fún ọ."

"N óò kọ́kọ́ gé e. Ẹ dì í mú fún mi, Màmá. Mo lè ṣe é léṣe ju bó ti yẹ lọ."

Ó fa ọmọ náà sọ́dọ̀. Ó fi àtàǹpàkò wá okùn náà, ó sì rí i. Ó gbé ọ̀bẹ.

Kò sí Ọlọ́kan tó ń wọ okùn pupa. Kò sí ẹni tó rò pé yóò wúlò fún wọn láéláé. Ìbíyẹmí fi ẹnu ọ̀pá kan ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí irun ti pin. Adégòkè dojú bolẹ̀. Apá rẹ̀ wó lé ọmọbìnrin náà lórí, Ìbíyẹmí sì gbé apá náà kúrò kí ó má baà tẹ̀ ẹ́ pa.

Ó jókòó tì í. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi gbígbóná kúrò lójú rẹ̀. Awọ bá aṣọ wá, ó sì dáwọ́ dúró.

Oòrùn kan àtàrí. Agbọ́kàn bẹ̀rẹ̀ sí lù. Àwọn obìnrin méjèèjì ń gbọ́. Ó lu mẹ́fà, ó dákẹ́.

Àlàbá ka àwọn tó wà láàyè nínú yàrá náà: òun, agbẹ̀bí, ọmọ àkọ́kọ́, ọmọ kejì, ọmọbìnrin náà, ọmọ kẹfà. Ẹni méjì tó kú lára àwọn àgbà ti fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ méjì. Òkè gbọ́ iye tó ń retí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀kalẹ̀.

"Títí ìrọ̀lẹ́ ni wọn kò fi ní mọ̀," ni Ìbíyẹmí wí. "Ṣé ọkọ̀ rẹ wà lẹ́yìn ilé?"

"Ó wà."

"Máa lọ bá àwọn ọkùnrin inú ẹrẹ̀. Kó àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ."

Àlàbá pa ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó dìde. Obìnrin Ọlọ́pọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ó to àwọn ọmọ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja, ọmọ àkọ́kọ́ ni ó sì gbé kẹ́yìn, ó fi ẹnu kan orí rẹ̀.

"Ìyá Agbẹ̀bí," ni ó wí, "ta ni ó ní kí ẹ bá mi yàn?"

"Kò sí ẹni tó ní kí n yàn."

"Ká ní ọmọ yìí kú, ǹ bá fi ọ̀bẹ yẹn gún yín."

"Mo mọ̀."

Àlàbá gbé apẹ̀rẹ̀ rù, ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Kò dúpẹ́.

Ìbíyẹmí fi ẹní di ọmọ rẹ̀, ó sì wọ́ ọ gba ojú ọ̀nà Òkè. Ní ìdajì ọ̀nà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ pàdé rẹ̀. Wọ́n gbé òkú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ síwájú Ìgbìmọ̀.

Olúfúnwá ni ó jókòó sí àga àárín. Ó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún, ó sì wà níbi ìsọmọlórúkọ Adégòkè.

"Èmi ni mo pa á," ni Ìbíyẹmí wí. "Ọ̀pá rẹ̀ ni mo fi pa á."

"Jókòó, Ìbíyẹmí. Ìbànújẹ́ ti dà ọ́ lórí rú."

"Orí mi pé. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wò."

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti yẹ yàrá náà wò. Wọ́n rí obìnrin Ọlọ́pọ̀ kan pẹ̀lú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí ojú Adégòkè bí ó ti bó."

"Ojú bíbó kọ́ ló pa á. Èmi ni, Ìyá Àgbà. Mo bí i, mo sì pa á."

Olúfúnwá sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó wá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ń sunkún. "Gbọ́, ọmọ mi. Kò sí òfin fún ohun tí ò ń wí yìí, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣe é. Ọlọ́kan kì í pa Ọlọ́kan. Ìyá kì í sì í pa ẹyọ kan tó ní. Àwọn ìsàlẹ̀ ni wọ́n pa ọmọ rẹ, a ó sì gbẹ̀san rẹ̀ fún ọ."

Ọgbọ̀n Ọlọ́pọ̀ ni òfin ní kí wọ́n pa fún ẹ̀mí Ọlọ́kan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó wọn jọ sí etí odò, níwájú ògiri ẹrẹ̀ tí wọ́n ń mọ. Gbogbo wọn ni okùn wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀pá kò sì ràn wọ́n. Ọ̀bẹ ni wọ́n lò. Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó parí, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀, apá sì ń ro wọ́n. Wọ́n gbé àga fún Ìbíyẹmí sí ibi tí yóò ti rí i dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ìyá olóògbé. Ó ń kígbe pé òun ni, títí ohùn rẹ̀ fi há. Obìnrin méjì láti Òkè dì í mú ní ejìká, wọ́n ń pẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fi ọjọ́ márùn-ún wá Àlàbá. Ẹrẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì padà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Àlàbá àti àwọn ọkùnrin inú ẹrẹ̀ sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ lódìkejì odò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìgbìmọ̀ ní kí Ìbíyẹmí má sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Omi mọ́, kí ó lè sinmi. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí ní Òkè ní ọdún náà, agbẹ̀bí mìíràn ni ó sì gbẹ̀bí wọn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú wọ yàrá ìbímọ. Ó lo àádọ́ta ọdún sí i láyé. Kò sí ẹni tó tún gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́.